Ọjọ́ Tí Bàbá Nibaldo Kò Lè Mú Fìlà Rẹ̀

Bàbá Nibaldo, àbúrò bàbá mi, ní ìwà kan tí gbogbo èbúté wa mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Eliseo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, létí rẹ̀, kò ní bínú, kò ní pariwo. Á kàn dìde, á mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó, á sì jáde. Ó lè jẹ́ àárín oúnjẹ. Ó lè jẹ́ inú òjò. Ìgbà kan wà tó jáde bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé àlùfáà ń wàásù nípa wòlíì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ náà. Wòlíì ọ̀hún ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìdí oúnjẹ ni ìjà wọn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn erékùṣù gúúsù ni wọ́n ti bí Bàbá Nibaldo, níbi tí wọ́n ti ń yan cholga, ẹran inú ìkarahun dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta òkun. Wọ́n á yan án lórí èéfín títí á fi le bí awọ bàtà, wọ́n á wá sín in sókùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Eliseo ò lè jẹ ẹ́. Láti kékeré, bó bá ti gbóòórùn rẹ̀ ni èébì á ti máa gbé e, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ ojú omi ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan bàbá rẹ̀ ti abọ́ cholga síwájú rẹ̀, ó ní ọmọ apẹja tí kò bá lè jẹ ohun inú òkun, kó lọ wá bàbá mìíràn. Ọmọ náà dìde, ó di ẹrù, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì forí lé gúúsù. Olórí kunkun bí olórí kunkun. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ fìlà ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni Herminda. Ilé ìwádìí kékeré tó wà lórí àpáta lẹ́yìn èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn apẹja sì ń pè mí ní Dókítà Ẹja. Wọn kì í fi ṣe oríyìn. Jibia ni wọ́n ń gbé wá bá wa, ẹran òkun ọlọ́wọ́ mẹ́wàá tó lè gùn ju èèyàn lọ. Ẹran ara rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ní tiwọn. Okùn iṣan kan tó wà lára rẹ̀ ni àwa ń wá. Iṣan tí ara fi ń ránṣẹ́ ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Tèmi àti tìrẹ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ti jibia fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igi ìṣáná, ojú lásán rí i, èèyàn sì lè ki wáyà bọ inú rẹ̀.

Bí iṣan ṣe ń ránṣẹ́ nìyí, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá Nibaldo títí sùúrù mi fi tán. Iyọ̀ òkun pọ̀ rẹpẹtẹ lóde okùn náà, ó ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Ara okùn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tójú ò lè rí, títì ni wọ́n sì máa ń wà. Bí a bá ta okùn níbì kan, ilẹ̀kùn ibẹ̀ á ṣí, iyọ̀ á rọ́ wọlé, iyọ̀ tó ń rọ́ wọlé yẹn gan-an sì ni iná mànàmáná ara. Iná náà ni yóò ṣí ilẹ̀kùn tó kàn, ìyẹn á ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé òpin okùn kí o tó ṣẹ́jú. Àwọn tó ti ṣí lẹ́yìn á ti padà tì, irú iyọ̀ mìíràn á gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ jáde, okùn á sì wà ní ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí iná bá dé òpin, okùn á tu oje díẹ̀ sára ẹran ara, ẹran ara á sì súnkì. Bí èèyàn ṣe ń gbọ́wọ́ sókè nìyẹn. Bó ṣe ń mí nìyẹn náà.

"Iyọ̀ lásán?" Bàbá Nibaldo bi mí lọ́jọ́ kan.

"Iyọ̀ ni, Bàbá."

"Bàbá rẹ ta ọkọ̀ ojú omi kó o lè kàwé, o wá kàwé tán, o ní iyọ̀ ni. Ìyàwó mi tó ń sebẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oró kan là ń yẹ̀ wò. Ó ní ìgbà tí òkun gúúsù máa ń pupa. Ohun kan tó kéré ju eruku lọ, tó gbé oró yìí sára, ló máa ń pọ̀ sí i nínú omi. Cholga á mu ún, kò sì ní ṣe cholga ní nǹkan kan. Ẹni tó bá jẹ cholga ló máa rí i. Bí a bá kán oró yìí sórí okùn jibia, á lọ dí ẹnu ilẹ̀kùn iyọ̀ bí ìdérí ìgò. O ta okùn, kò dáhùn. Ìlà iná tó máa ń fò sókè lójú ẹ̀rọ tí wáyà náà so mọ́ á nà gbalaja. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní okùn ti kú, á jù ú nù. Ṣùgbọ́n bó o bá fi omi òkun tó mọ́ ṣàn án, tó o sì ṣe sùúrù, ìlà náà á tún fò. Oró yẹn kì í pa okùn. Ẹnu ọ̀nà ló ń dí.

Ìgbà òtútù ni rédíò kéde pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ cholga gúúsù mọ́, omi ti pupa. Ẹrù Bàbá Nibaldo ti dé ṣáájú ìkéde náà, okùn cholga yíyan nínú àpò ìyẹ̀fun, bó ṣe ń dé lọ́dọọdún, pẹ̀lú orúkọ Filomena ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára àpò. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé láti bá wọn jẹun, ó ti jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ abọ́. Ìyá Ercilia, ìyàwó rẹ̀, ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ànàmọ́ ní tirẹ̀, nítorí eyín tó ń dùn ún.

"Bàbá! Ṣé ẹ ò gbọ́ rédíò ni?"

"Rédíò náà ti ń yan cholga?"

"Omi gúúsù ti pupa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé abọ́ yẹn sílẹ̀."

"Èéfín ti pa á."

"Èéfín kì í pa á, Bàbá. Iná gan-an kì í pa á."

"Ó dáa, ọsàn wẹ́wẹ́ á parí iṣẹ́." Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èyí tó kù, ó sì jẹ ẹ́ níṣojú mi. "Kò sẹ́ni tó mọ èéfín bíi Filomena. Ẹ yan cholga yín pẹ̀lú ìwé, ẹ̀yin ará òkè àpáta, ká wò ó."

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Ercilia wí. "Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni etí rẹ̀ ti di."

Inú bí mi débi pé mo bú u nínú ọkàn mi. Mo já àpò náà gbà, mo jù ú sẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n ohun tó ti wọ ikùn ti wọ ikùn. Mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀.

"Ètè mi ń ta mí ṣíríṣírí," ó ní. "Ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn le."

Lẹ́yìn náà ló kan orí ìka ọwọ́. Ife wáìnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó nílẹ̀ bí ẹni pé ife ẹlòmíràn ni. Ó ní ara òun fúyẹ́, àfi bí ẹni ń léfòó. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbé e. Ó fẹ́ bú ẹsẹ̀ náà, ahọ́n ò yí. Ìgbà tí Bàbá Nibaldo ò lè bú èèyàn mọ́ ni ẹ̀rù tó bà mí.

Òjò ti wó afárá tó lọ sí ìlú, níbi tí ilé ìwòsàn wà. Ìgbì ò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kankan yí àpáta tó yọ sínú òkun kọjá. Mo ké jáde, Rosamel àti àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe sáré wọlé, wọ́n gbé e sórí ẹní. Ẹnìkan lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Evaristo, nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú wa. Nígbà tó fi dé, àyà Bàbá Nibaldo ò fi bẹ́ẹ̀ gbé mọ́. Nọ́ọ̀sì ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ojú ò mira. Ó gbé apá rẹ̀ sókè, apá náà bọ́ padà bí aṣọ tútù.

"Ó ti ń lọ," Ọ̀gbẹ́ni Evaristo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Èèyàn dáadáa ni. "Ẹ wá àbẹ́là tí a ó tàn sí ìgbèrí rẹ̀."

"Kò lọ síbì kankan," mo dá a lóhùn. "Ẹ gbọ́ ọkàn rẹ̀."

Ó gbé etí lé e láyà. "Ó ṣì ń lù."

"Irú ilẹ̀kùn mìíràn ló wà ní ọkàn, oró yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i dí. Iṣan tó ń sọ fún àyà pé kó mí ni kò lè ránṣẹ́ mọ́. Bí a bá ń mí fún un, kídìnrín á máa fọ oró náà dà nù díẹ̀díẹ̀. Kò kú o. Ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ."

Gbogbo wọn wo Bàbá Nibaldo. Ẹni tó gbé àbẹ́là dání rọra fi í pamọ́ sẹ́yìn.

Mo dí imú rẹ̀, mo fẹnu bo ẹnu rẹ̀, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Àyà rẹ̀ gbé, ó sì rọ̀. Mo tún fẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí òòyì fi ń kọ́ mi.

"Rosamel, ẹ wá gbà á."

Rosamel tóbi, ó sì lágídí. "Kí n fi ẹnu mi kan ẹnu yẹn? Ẹnu tó pe ọkọ̀ mi ní pósí?"

"Ẹnu yẹn náà ni."

"Lójú gbogbo èèyàn!"

"Rosamel, ẹ má jẹ́ ó kú."

Ó nu ẹnu rẹ̀ nù, ó ní kí wọ́n gbé wáìnì wá, ó mu, ó kúnlẹ̀. "Nibaldo, tó o bá ń gbọ́ mi," ó ní, "pósí ló ń gbà ẹ́ là yìí o." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́.

Rosamel náà ló rántí bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Nínú ọkọ̀ ńlá wọn, bó bá rẹ ẹnìkan nídìí àjẹ̀, kì í fi í sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó dé. Ẹni tó ń bọ̀ á ti di àjẹ̀ mú, á ti bá a wà á díẹ̀, kí ẹni tó rẹ̀ tó yọwọ́. Àjẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàn á ti kúnlẹ̀, á ti máa bá ẹni tó wà níbẹ̀ mí ní ìmí kan náà, kí wọ́n tó pààrọ̀. "Gbà!" "Ó dọwọ́ mi!" Ọ̀gbẹ́ni Evaristo náà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó wọ ọ̀wọ́.

Ilẹ̀ ṣú, wọn ò dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò lè purọ́. Nínú abọ́ ilé ìwádìí, èmi fúnra mi ni mo máa ń da omi nù, tí mo máa ń bu tuntun sí i. Níbí, kídìnrín àgbà ọkùnrin tó fẹ́ràn wáìnì ni mo gbójú lé. Bí mo bá sì ṣìnà, á jẹ́ pé mo kó gbogbo apẹja èbúté wa jọ láti máa fẹnu ko òkú lẹ́nu. Kò ní sí ibi tí mo máa fojú sí.

Ìyá Ercilia ti jókòó sí igun látìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó pè mí.

"Herminda. Ṣé lóòótọ́ ló ń gbọ́?"

"Ó ń gbọ́, Ìyá."

"Ṣé ó lè fèsì?"

"Kò lè fèsì."

"Ṣé ó lè dìde?"

"Kò lè gbé ìka."

Ó ronú sí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ rẹ̀, ó sì tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Nibaldo," ó ní. "Eliseo."

Gbogbo wa wo fìlà tó wà lórí ìṣó. Kò sẹ́ni tó mú un.

"Eliseo," ó tún wí. "Eliseo, Eliseo." Ó ń pè é bí ẹni tó ń dán bàtà tuntun wò. "Ọmọ rẹ ti níyàwó. Mo mọ̀, o ò mọ̀. O ti ní ọmọọmọ. Obìnrin ni, imú rẹ ló gbé wá, Ọlọ́run á ṣàánú ẹ̀. Eliseo ò wakọ̀ ojú omi, orí ilẹ̀ ló wà, iṣẹ́ èéfín ló ń ṣe. Ṣé o gbọ́? Èéfín."

"Gbà!" ni Rosamel wí. "Ó dọwọ́ mi!" ni èkejì wí.

"Filomena wo ló ń yan cholga fún ẹ?" ni Ìyá Ercilia bi í. "Filomena tí ikọ́ ò jẹ́ kó lè dúró tiná? Tí kò léyín kan lẹ́nu? Eliseo ni! Lọ́dọọdún ló ń fi aṣọ dí imú yan án, tó ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ránṣẹ́, torí ó mọ̀ pé o ò ní fẹnu kàn án tó o bá mọ̀. Lọ́dọọdún lo sì ń jókòó síbí yìí, tó ò ń ní kò sọ́wọ́ tó mọ èéfín tó bẹ́ẹ̀. Èmi á máa fọ abọ́, n ò ní lè sọ̀rọ̀, torí fìlà. Fìlà! O jẹ́ kí fìlà gba ọmọ lọ́wọ́ mi, Nibaldo. Tó o bá ń lọ, lọ, ṣùgbọ́n o ò ní lọ láìgbọ́ ọ."

Ó sunkún. Àwọn apẹja tẹjú mọ́lẹ̀, ẹni tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lọ nítorí ẹnu rẹ̀ ò ráyè nǹkan mìíràn. Omi kan yọ lójú Bàbá Nibaldo, ó ṣàn lọ sí etí rẹ̀. Ojú tí kò bá lè ṣẹ́ máa ń ṣomi, ohun tí ìwé sọ nìyẹn. Mo nù ún kúrò, n ò sọ ohun tí ìwé sọ fún Ìyá Ercilia.

Ó sọ̀rọ̀ títí: ìgbéyàwó tí wọn ò lọ, lẹ́tà tó ń kà nílé aládùúgbò, ọjọ́ tí ọmọ náà wá sí ìlú tí kò dé èbúté. Ọkọ rẹ̀ ò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ercilia ò tíì rí irú rẹ̀ rí nínú ìgbéyàwó wọn.

Ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ẹyẹ òkun ti ń ṣe wàhálà wọn létí omi, nígbà tí Rosamel gbé orí sókè lójijì.

"Ó ń bá mi jà!"

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó fẹ́ ẹ padà sí mi lẹ́nu! Dókítà Ẹja, ó ń bá mi jà!"

Mo kúnlẹ̀. Àyà rẹ̀ gbé díẹ̀, láìsí ẹnu ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó rọ̀. Ó tún gbé. Ìka kékeré ọwọ́ rẹ̀ mì. Mo ti rí ìlà iná tó tún fò lójú ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ìgbà, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, mo máa ń lọ jẹun. Lọ́jọ́ yẹn mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ó pẹ́ kí ahọ́n tó gbọ́ràn. A gbé e jókòó, a fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Rosamel jókòó síwájú rẹ̀, ó ń retí. Ìdúpẹ́ tàbí èébú, ó ti múra fún méjèèjì.

Ètè Bàbá Nibaldo mì. "Eli... Eliseo."

Kò sẹ́ni tó mí nínú ilé náà, àwa tí a ti ń mí láti àná.

"Eliseo," ó ní. "Ṣé òun náà jẹ ẹ́?"

Ìgbà náà ló yé mi. A rò pé à ń tọ́jú ọkùnrin kan tó ń bẹ̀rù ikú. Ọmọ rẹ̀ tó wà nídìí èéfín yẹn ló ń rò láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lanu. Ó fẹ́ bèèrè, iṣan ò sì gba iṣẹ́ rẹ̀.

"Ta ni? Eliseo?" Ìyá Ercilia nu ojú rẹ̀. "Ṣé o ti gbàgbé ni? Ọmọ yẹn kì í jẹ cholga."

Bàbá Nibaldo dijú. Ó lè ṣẹ́jú báyìí, omi sì ń jáde níbẹ̀ síbẹ̀. Ìwé ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mo mọ̀. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ lé e nìyẹn."

 Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ìṣó ara ògiri.

"Ẹ bá mi mú fìlà mi."

Ojú Ìyá Ercilia fà ro, mo rí i. "Níbo lò ń lọ, Nibaldo?"

"Ilé ìtajà. Fóònù ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lásìkò yìí."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì jẹ́ tirẹ̀. Rosamel pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, ó ń ráhùn nípa ìwọ̀n rẹ̀, a sì tẹ̀ lé wọn la àárín èbúté kọjá. Ìyá Ercilia ló tẹ nọ́ńbà náà. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Wọ́n gbé fóònù sétí Bàbá Nibaldo. A gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń bèèrè pé ta ni.

"Èmi ni," ó ní. "Cholga rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Má tà á fún ẹnikẹ́ni."

Ó gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í sórí káńtà.

"Rárá," ó ní. "Omi ló bà á jẹ́. Èéfín rẹ dára."